Oògùn Ọyẹ́ Tí Kì Í Múni Sùn

Sísín àwọn èèyàn ni mo fi ṣe iṣẹ́ jẹun. Bí ọyẹ́ bá ti wọ ilẹ̀ Yewa, tí ewé tíìkì ń já, tí àwọn àgbẹ̀ ń finá sí koríko, tí eruku pupa ọ̀nà Afọ̀n sì ń bo òrùlé Ayétòrò, mo ti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo mọ ẹni tó máa ń sín lẹ́ẹ̀mẹfà léraléra láìmí. Mo mọ ẹni tí ìpéǹpéjú rẹ̀ máa ń wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi jẹ́ oníkẹ́mísì. Ó ti di ọdún méjì báyìí tí mo ti tilẹ̀kùn, síbẹ̀ bí ẹnì kan bá sín lójú títì, màá ti dìde kí n tó rántí pé n kò ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Àwọn ọmọ mi ní kí n jókòó. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde ìwé mẹ́wàá máa ń wá bi mí pé, "Màmá, ṣé iṣẹ́ kẹ́mísì dára?" Nítorí wọn ni mo ṣe ń kọ èyí. Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gùn: bàbá mi àti ọ̀gá mi ti jọ kírun ní mọ́sáláṣí kan náà rí, wọ́n sọ̀rọ̀, mo di ẹrù mi, mo lọ sí Ìlaròó. Ti owó rẹ̀ kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò sọ mí di olówó, kò sì jẹ́ kí n tọrọ jẹ. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Ọ̀gá mi ti po oògùn ní ọsibítù ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Dìsípẹ́ńsà. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, ẹ̀wù funfun ló máa ń wọ̀ lójoojúmọ́, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. Bó bá bínú, ńṣe ni ohùn náà máa ń rẹlẹ̀ sí i. Nígbà yẹn, inú agolo ni oògùn máa ń wà, ẹgbẹ̀rún hóró nínú agolo kan. A ó da díẹ̀ sórí àwo tánganran, a ó sì máa fi ọ̀bẹ ìjẹun tí kò mú fà wọ́n ní márùn-ún márùn-ún. Ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ kàn án.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, hóró kan yí kúrò lórí àwo, mo fi ìka gbé e padà. Bàbá rí mi.

"Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ kí o tó gbé e?"

"Kò sí nǹkan kan, sà."

"Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Gàrí àti ẹ̀pà, sà."

"Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń kọ ẹ̀pà ńkọ́, tó wá lo oògùn tí ìwọ fi ọwọ́ ẹ̀pà gbé?"

Ó ní kí n da gbogbo ohun tó wà lórí àwo náà sí ṣáláńgá. Ó dúró títí mo fi dà á tán. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fọ àwo, kí n fọ ọ̀bẹ, kí n fọ ọwọ́, kí n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí márùn-ún àkọ́kọ́.

Òfin rẹ̀ kejì ni pé oògùn kan ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kan. Àwọn oníkẹ́mísì mìíràn máa ń po oríṣi mẹ́ta mẹ́rin pọ̀, wọ́n á fi abala ìwé ìdánwò àtijọ́ wé e, wọ́n á sì jù ú sí oníbàárà. Bàbá kò gbà á. Ó ní ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tó gbé mì kò ní mọ orúkọ ohun tó pa á.

Òfin kẹta kan hóró yẹ́lò. Gbogbo yín mọ hóró kékeré yìí, kò fẹ̀ ju orí ìṣó lọ. Kulọfẹnirámínì ni orúkọ rẹ̀, mílígíráàmù mẹ́rin ló wà nínú hóró kan. Kí Bàbá tó tà á, á bi oníbàárà léèrè ìbéèrè mẹ́ta: ṣé o máa wakọ̀, ṣé o máa gun igi, ṣé o máa dúró ti iná? Mo rántí akọpẹ kan tó ti Òkè-Ọ̀dàn wá, tí imú rẹ̀ ń dà bí ẹ̀rọ omi.

"Bàbá, imú ló ń dà mí láàmú, ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ lẹ ń bi mí."

"Mo gbọ́ ti imú. Ìgbà wo lo tún máa gun ọ̀pẹ?"

"Lọ́sàn-án yìí."

"Ṣé ilẹ̀ ti mọ̀ pé o ń bọ̀?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi sín. Ṣùgbọ́n Bàbá kò fún un àfi ìgbà tó ṣèlérí pé ó di ìgbà tí òun bá padà sílé kí òun tó lò ó.

Ìdí tí oògùn yẹ́lò fi ń múni sùn kò yé mi nígbà náà. Èmi fúnra mi ni mo wá a rí nínú ìwé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, inú mi sì dùn débi pé mo ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò bi mí. Ohun kan wà nínú ara wa tí wọ́n ń pè ní hísítámínì. Bí eruku tàbí èéfín tàbí lẹ́búlẹ́bú òdòdó bá wọ imú ẹni tí ara rẹ̀ ń kọ̀ ọ́, ara á tú hísítámínì jáde, bí ìgbà tí ìlú gbọ́ pé olè wọlé tí gbogbo wọn sì yọ kùmọ̀. Òun ló ń mú imú yún, òun ló ń mú omi dà lójú. Ṣùgbọ́n hísítámínì yìí kan náà níṣẹ́ nínú ọpọlọ: ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ojú wa dá. Hóró yẹ́lò á dá a lẹ́kun nínú imú, á sì tún wọ inú ọpọlọ lọ dá a lẹ́kun níbẹ̀. Imú á gbẹ, ojú á pa dé.

Mo gba fíríìdọ̀mù, mo padà sí Ayétòrò, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi pa òfin ọ̀gá mi mọ́. Àwọn oníbàárà ló bà mí jẹ́, tàbí kí n sọ pé èmi ni mo gbà kí wọ́n bà mí jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, àwọn èèyàn kì í fi ara yíyá mọ oògùn tó dára. Oorun ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan tó ń dín gàrí wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú ìbínú.

"Ìyá Kẹ́mísì, oògùn yín àná kò ṣiṣẹ́ o."

"Ṣé imú ṣì ń dà ni?"

"Imú ti gbẹ."

"Ojú ńkọ́?"

"Kò yún mọ́."

"Kí ló wá kù?"

"N kò sùn! Mo gbé e mì, mo la ojú kalẹ̀ bí ẹja. Ṣé oògùn nìyẹn?"

Mo fi í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àmọ́ ó gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ẹnì kejì lọ, ẹnì kẹta lọ. Ni èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í po oògùn pọ̀: parasitamọ́ọ̀lù méjì, fítámíìnì síì kan, hóró yẹ́lò kan. Nígbà tí mo rí i pé ó tà, mo sọ yẹ́lò di méjì. Àwọn èèyàn fúnra wọn ló sọ ọ́ lórúkọ, Dọ̀bálẹ̀, torí pé bó o bá ti lò ó, wàá dọ̀bálẹ̀ fún oorun. Wọ́n ń ti Ìjọun wá rà á. "Ìyá Kẹ́mísì, ẹ fún mi ní Dọ̀bálẹ̀ méjì." Mo gbéra ga. Mo rò pé mo ti mọ̀ ju ọ̀gá mi lọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí èrò kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀?

Àbúrò mi kan wà, ọmọ ìyá mi, Tàjù. Píkọ̀ọ̀pù ló ń wà, ó ń fi kó iṣu àti gàrí láti Afọ̀n wá sí Ayétòrò. Kò sí ẹni tí ọyẹ́ ń bá jà tó o. Ojú rẹ̀ á pọ́n, omi á máa dà, á máa fi apá nù ún, á máa fi ojú kan wo ọ̀nà. Ó ti fi òwe àwọn àgbà ṣe ẹ̀fẹ̀ fún mi rí: "Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó pa òwe yẹn kò wakọ̀ lọ́yẹ́ rí."

Ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù kún. Tàjù dúró lẹ́yìn èrò, ó ń sín, ó ń nawọ́ sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yáa wá nǹkan fún mi, ojú mi ń lọ."

Mo mú Dọ̀bálẹ̀ kan, mo jù ú sí i láti orí èèyàn mẹ́ta. Ó gbà á mú, ó tú u, ó dà á sẹ́nu, ó fi omi inú ọ̀rá gbé e mì, ó júwọ́ sí mi, ó lọ. Aago mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀. N kò bi í pé níbo ló ń lọ. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n èmi fi ìkánjú pín in.

Kí aago kan tó lù, wọ́n ti wá pè mí. Ọkọ̀ Tàjù ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ó ti wọ oko kajú, ó sì dojú dé. Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀, Ọlọ́run ló ṣe é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kán sí ọ̀nà méjì. Gàrí tó kó funfun sórí ilẹ̀ pupa láti ojú títì wọ inú oko. Ohun tó ń wí ṣáá ni pé, "Ọ̀nà ṣàdédé parẹ́ lójú mi. Mò ń wò ó, ó parẹ́."

Ìlú ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, Tàjù àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sámù ti jà ní gáréèjì lórí ẹni tó kàn láti gbẹ́rù. Láti kékeré ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣọ̀rẹ́, wọ́n jọ kọ́ ọkọ̀ wíwà ni. Nínú ìjà náà, Sámù sọ pé, "Máa lọ, wàá rí i." Ohun tí gbogbo wa máa ń sọ nígbà tí inú bá ń bí wa ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọkọ̀ dojú dé, ọ̀rọ̀ náà di èpè. Tàjù gbà á gbọ́. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti ní kí wọ́n sọ fún Sámù pé kó má ṣe wá wo òun. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ọkọ̀ Sámù. Bó bá dé ibi táwọn awakọ̀ jókòó sí, wọ́n á dákẹ́.

Èmi nìkan ni mo mọ̀. Mo ṣírò rẹ̀, mo tún un ṣírò: ó gbé e mì lẹ́yìn aago mọ́kànlá, nǹkan bíi wákàtí kan ni hóró yẹ́lò fi ń mú èèyàn, méjì sì ni mo fún un. Kì í ṣe ọ̀nà ló parẹ́. Ojú Tàjù ló pa dé. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Mo máa ń bá wọn jókòó nígbà tí wọ́n bá ń bú Sámù, màá dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ pọnmi. Mo pa Dọ̀bálẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mo ní èròjà rẹ̀ ti tán.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti di ẹni tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ìwé tó bá wà nínú páálí oògùn. Bí oníbàárà bá da páálí nù, èmi á ṣà á. Báyìí ni obìnrin kan láti Ìjọun ṣe gbé páálí kan tó rà lódì kejì bọ́dà wá, ó ní kí n sọ ohun tó wà fún fún òun. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ Faransé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi ìwé inú rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo yá ìwé atúmọ̀ èdè lọ́wọ́ olùkọ́ Faransé kan, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo sì fi ń tú u ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Oògùn sísín ni, oògùn ojú yíyún. Lọrátádínì ni wọ́n pè é, mílígíráàmù mẹ́wàá, hóró kan lójúmọ́. Nígbà tí mo dé ibi tó sọ pé kì í sábà mú èèyàn sùn, mo dìde nílẹ̀, mo rìn yí ilé ká, mo tún padà wá kà á.

N kò ta ohun tí a kó gba ẹ̀yìn bọ́dà. Mo lọ sí Ìlaròó, mo bi apòògùn tó kàwé gboyè, ó ní òun ní in, ó ti pẹ́ tó ti dé, àwọn ará ibí ni kì í béèrè rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé ó ń dá hísítámínì lẹ́kun nínú imú àti ojú bíi ti yẹ́lò, àmọ́ agbára káká ló fi ń rí ọ̀nà wọ inú ọpọlọ.

Ó tó ọdún méjì kí ẹsẹ̀ Tàjù tó jinná, ó sì ń tiro títí dòní. Ó ń wakọ̀ nígbà òjò, bí ọyẹ́ bá dé á so kọ́kọ́rọ́ rọ̀. Ìyẹn ni pé ìgbà tí iṣu ń jáde lóko jù lọ ni òun ń jókòó sílé. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó mú lọrátádínì, hóró funfun náà, lọ bá a.

"Má wakọ̀ lónìí o. Lò ó, kí o jókòó síbí, kí n máa wò ẹ́. Ara kò dọ́gba, ó lè mú ẹlòmíràn sùn díẹ̀."

Mo gbé àga síwájú rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, sísín ti dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń wò mí bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó."

"Ṣé oorun ń kùn ẹ́?"

"Ebi ló ń pa mí."

Ọjọ́ mẹ́ta la fi dán an wò. Lọ́jọ́ kẹrin ó mú kọ́kọ́rọ́. Àárín ọyẹ́ ni, eruku sì wà lójú ọ̀run bí aṣọ. Tàjù wakọ̀ dé Afọ̀n, ó kó iṣu, ó padà dé. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ rekete. Irọ́ lè rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ohun tí n kò rò ni pé èmi ni mo máa fi ọwọ́ ara mi gbé òtítọ́ náà fún un, hóró kan lójúmọ́.

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí mo lò lọ́jọ́ yẹn, ṣé irú èyí ni?"

Mo lè purọ́. Ó ti wà lẹ́nu mi.

"Rárá. Yẹ́lò ni. Méjì."

"Ẹ sì mọ̀ pé ó ń múni sùn?"

"Mo mọ̀ ju gbogbo ará Ayétòrò lọ. N kò bi ọ́ pé níbo lò ń lọ."

Mo rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa sọ. Kò sọ ọ́.

"Sámù ńkọ́?" ló wí. "Ọdún mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n mi. Sámù ńkọ́?"

Mo jókòó sórí àga.

"Ẹ dìde. Ẹ wọ ọkọ̀."

A bá Sámù lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń lẹ táyà. Ó wò wá, kò dìde. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo gbé pọ̀n rí, mo sọ gbogbo rẹ̀: ọjà, èrò, hóró yẹ́lò méjì, ọdún mẹ́fà tí mo fi dákẹ́. Sámù gbọ́ ọ tán.

"Màmá, ẹ dìde, ilẹ̀ gbóná."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Tàjù. "Ìyá mi kú," ló wí. "O ò wá."

Ìyá Sámù ló máa ń fún Tàjù náà lóúnjẹ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Sámù tún mú táyà rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n parí iṣẹ́ yìí," ló wí. A dúró síbẹ̀ títí ó fi parí rẹ̀, torí pé kò lé wa.

Wọ́n ti ń kí ara wọn báyìí. Wọ́n jọ ń jẹun ní gáréèjì. Ó gba àkókò, kò sì tíì rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo lọ bá àwọn awakọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Àwọn kan kò ra oògùn lọ́wọ́ mi mọ́, mo sì gbà pé wọn kò jẹ̀bi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ á rò pé mo máa pa iṣẹ́ tì lẹ́yìn ìyẹn. Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ibi tí kòtò wà ló yẹ kó máa sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo padà sórí òfin ọ̀gá mi. Irin iṣẹ́ ń yí padà: agolo lọ, káàdì dé, tí hóró kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀, ọ̀bẹ àti àwo di ohun tí mo fi ń jẹun. Fóònù dé, a ń họ ẹ̀yìn páálí, a ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́, wọ́n á sì fèsì bóyá ojúlówó ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ́ ọ nínú gbogbo oníkẹ́mísì àdúgbò mi. Mo kọ́ àwọn tó ń dín gàrí pé oògùn tí kò múni sùn kì í ṣe oògùn tó kú. Mo kọ́ wọn pé ẹni tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ètè rẹ̀ sì ń wú, kì í ṣe tèmi, ọsibítù ló ni ín kíákíá. Aláboyún, ọmọ ọwọ́, ẹni tí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín rẹ̀ ń dùn, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí. Bí iṣẹ́ yìí bá wù yín, ẹ kọ́ ọ. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ràn kí èrò máa yìn yín, ẹ wá òmíràn kọ́.

Tàjù ń bá mi jẹun. Ó ń gbé iṣu wá fún mi, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, títí mo fi tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kò lo oògùn kankan láti ọwọ́ mi mọ́. Ìlaròó ló ń lọ ra hóró funfun rẹ̀. Bí mo bá ní, "Èwo ni wọ́n fún ẹ?" á ní, "Ìkan náà ni," á sì ki ọwọ́ bọ àpò. N kò bínú. Ara mi kàn máa ń gbóná, màá dìde, màá rìn lọ rìn bọ̀.

Ní ọyẹ́ tó kọjá yìí, ọkọ̀ rẹ̀ dúró síwájú ilé mi láàárọ̀. Kò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tiro wá síbi tí mo wà, ojú rẹ̀ ń ṣomi, ó sì na páálí kan sí mi.

"Wọ́n yí i padà ní Ìlaròó. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe èyí. Ẹ bá mi kà á."

Mo wọ awò mi. Mo kà á sókè: orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, oṣù tó máa bàjẹ́.

"Ẹ ka gbogbo ẹ̀," ló wí.

Mo tú ìwé inú rẹ̀, mo sì kà á láti òkè dé ilẹ̀, mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún un, ojú ìwé méjèèjì. Mo wá bojú wò ó.

"Níbo lò ń lọ?"

"Afọ̀n."

"Lọrátádínì kan náà ni. Hóró kan. O lè gbé e mì."

Ó tẹ hóró kan jáde lára káàdì, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ní kí n bá òun wá omi.